Ọṣẹ Koríko Òkun ti Zanzibar: Bí Àwọn Tó Gbìn Ín Ṣe Wá Ń Jẹ Lára Èrè Rẹ̀

Àwọn tí ń ta koríko òkun tí wọ́n ń pè ní sea moss ti pọ̀ lórí Instagram àti WhatsApp báyìí, ní Èkó, ní Ìbàdàn, àti láàárín àwọn èèyàn wa tó wà ní London. Wọ́n ń tà á ní gbígbẹ, wọ́n ń tà á ní jẹ́ẹ̀lì inú ìgò, wọ́n sì ń pò ó mọ́ ìpara ojú. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sára ike pé láti Zanzibar ló ti wá, bí ẹni pé orúkọ erékùṣù náà nìkan ti tó láti ta ọjà. Kì í wọ́pọ̀ kí wọ́n kọ ẹni tó gbìn ín, iye tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ohun tí ojú rẹ̀ rí kí ó tó di ìpara. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ síbí. Ó kan ẹni tí ń ra ohun ìpara tí wọ́n fi ewéko inú omi ṣe, ó sì kan àwa tí à ń pò ó tà.

Apá kan orílẹ̀-èdè Tanzania ni Zanzibar, ní etí Òkun Índíà, erékùṣù ńlá méjì ló sì wà níbẹ̀: Unguja àti Pemba. Láyé àtijọ́, koríko òkun tó bá hù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ṣà níbẹ̀, tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣòwò. Láti àwọn ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Keto Mshigeni ti Yunifásítì Dar es Salaam ti ń ṣèwádìí bóyá wọ́n lè máa gbìn ín bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin nǹkan oko. Ní 1989, ọ̀gbìn náà di òwò gidi ní abúlé Paje àti Jambiani, ní apá ìlà-oòrùn Unguja. Láti Philippines ni wọ́n ti kó irúgbìn wá. Oríṣi méjì ni: èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní cottonii, àti èyí tí wọ́n ń pè ní spinosum.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ níbí pé sea moss ti àwọn ará Ireland, èyí tí orúkọ yẹn jẹ́ tirẹ̀ gan-an, orí àpáta inú omi tútù Òkun Àtìláńtíìkì ló ń hù sí. Èyí tó ń ti Zanzibar wá kì í ṣe òun. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, wọ́n sì jọ ní èròjà kan náà tí àwọn oníṣòwò ń wá kiri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta ọ̀kan ní orúkọ èkejì kò ṣe òótọ́ sí oníbàárà.

Àwọn obìnrin ló gba iṣẹ́ náà mọ́ra jù. Ní etí òkun Zanzibar, ọkùnrin ní í wọ ọkọ̀ lọ pẹja ní ibú. Obìnrin a máa ṣa ìṣáwùrú àti àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, a sì máa fi èèpo àgbọn ṣe okùn. Koríko òkun bá ìgbésí ayé wọn mu, torí kò béèrè ọkọ̀, kò béèrè ilẹ̀ tí wọ́n ní láti lọ bẹ ẹnikẹ́ni fún. Àwọn ọkọ kan kò fẹ́ rárá níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí ìyàwó ń san owó ilé-ìwé ọmọ, tó ń ra páànù fún òrùlé, ẹnu wọn wọlé. Lónìí, àwọn àgbẹ̀ koríko òkun níbẹ̀ lé ní 20,000, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn ló sì jẹ́ obìnrin. Tí ẹ bá yọ owó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ àti owó kànáfùrù kúrò, kò sí ohun tó ń mú owó òkèèrè wọ Zanzibar tó koríko yìí.

Iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ kò rọrùn rárá. Òṣùpá ló ń ṣètò rẹ̀. Nígbà tí òṣùpá bá yọ ní tuntun, àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, omi òkun a máa fà sẹ́yìn ju ti ìgbà yòókù lọ. Àwọn ọjọ́ yẹn ni wọ́n lè wọ oko. Omi á lọ jìnnà, á fi iyanrìn funfun sílẹ̀ pẹ̀lú omi tí kò ju orúnkún lọ. Oko obìnrin kọ̀ọ̀kan ni èèkàn igi tí ó kàn mọ́ iyanrìn, okùn tí ó ta láti èèkàn kan sí èkejì, àti èèhù koríko tí ó so mọ́ okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kó jókòó sínú omi, á máa so, á máa tú, á máa já àwọn koríko àjèjì tó lẹ̀ mọ́ tirẹ̀ kúrò. Koríko òkun kò ní gbòǹgbò, gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń fa oúnjẹ látinú omi, nítorí náà kò sí pé wọ́n ń fi ajílẹ̀ sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èèhù tí ọwọ́ kan lè kápá ti di ìdì ńlá tó wúwo. Wọ́n á gé díẹ̀ lára rẹ̀ so padà fún ìgbà mìíràn, wọ́n á sì ru ìyókù lọ sí èbúté nínú àpò tí omi iyọ̀ ń ro lára rẹ̀. Wọ́n á sá a sóòrùn. Bí kílò bíi mẹ́jọ bá wọlé ní tútù, kílò kan ni yóò kù nígbà tó bá gbẹ.

Àwọn olùwádìí tó bi àwọn obìnrin náà nípa ìlera wọn gbọ́ nípa ẹ̀yìn dídùn, ojú tó ń ta nítorí oòrùn tó ń kọ lára omi, awọ ara tó ń yún, àti ẹ̀gún òkun tó ń gún ẹsẹ̀. Mo kọ èyí síbí nítorí ọ̀rọ̀ awọ ara ni à ń sọ. Kí ìpara tó dé ojú ẹni tó rà á ní London, iyọ̀ àti oòrùn ti kọ́kọ́ jẹ awọ ara ẹni tó gbin ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí gbogbo ayé ń wá lára koríko náà ni èròjà tí wọ́n ń pè ní carrageenan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń di omi mú. Ẹ tẹ túùbù ọṣẹ ìfọyín, ẹ wò ó bó ṣe ń jáde ní gígùn kan láìṣàn, tí omi kò sì ya lára rẹ̀ bó tilẹ̀ ti pẹ́ nílé. Nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọyín, carrageenan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìpara, ó ń ran omi àti òróró lọ́wọ́ láti má pínyà, ó ń jẹ́ kí ìpara náà dán lọ́wọ́, tí a bá sì fi í pa ara, ó máa ń fi ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi ara tètè gbẹ.

Àmọ́ oríṣi méjèèjì kò rí bákan náà. Cottonii ń mú jẹ́ẹ̀lì tó le, tó ṣeé gé, wá, èyí tí àwọn tí ń ṣe oúnjẹ inú agolo, ẹran àti wàrà fẹ́ gidigidi. Spinosum ń mú jẹ́ẹ̀lì tó rọ̀, tó ń fà, èyí tó bá ọṣẹ ìfọyín àti ìpara mu. Àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ló tóbi jù nínú òwò náà, nítorí náà owó cottonii máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po méjì owó spinosum. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń yọ carrageenan ní Zanzibar fúnra rẹ̀. Koríko gbígbẹ ni àwọn obìnrin ń tà fún àwọn oníṣòwò tí ń kó o ránṣẹ́ sí òkèèrè, sí Denmark, Faransé, China àti Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ooru àti omi kẹ́míkà yọ èròjà náà, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ di àtíkè funfun, tí wọ́n sì ń tà á ní owó gọbọi fún àwọn tí ń ṣe ìpara. Ohun tó ń kan obìnrin tó wà nínú omi kò ju ọgọ́rùn-ún ṣílè Tanzania mélòó kan lórí kílò kan gbígbẹ, èyí tí kò tó dọ́là kan. Oníṣòwò ló ń dá iye lé e. Ẹni tí koríko rẹ̀ ti gbẹ, tí kò ní ilé tó lè kó o pa mọ́ sí kúrò lọ́wọ́ òjò, kò lè bá a jiyàn.

Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni cottonii bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ̀ka rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣì láwọ̀, á wá di funfun níbì kan, ibẹ̀ á rọ̀, á já, ìgbì á sì gbé e lọ. Ice-ice ni wọ́n ń pe àrùn náà káàkiri ibi tí wọ́n ti ń gbin koríko yìí. Ewéko wẹ́wẹ́ bí irun tún ń bo èyí tó kù, wọn kì í jẹ́ kó mí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé omi tó mọ níwọ̀n, tó wà lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, ti ń gbóná ju ohun tí cottonii lè fara dà lọ. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mo gbà pé ó burú jù: láti ara gígé ni wọ́n ti ń gbìn ín láti ìgbà tó ti dé láti Philippines. Gígé kan ń bí gígé mìíràn, ọdún dé ọdún, kò sí ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ohun tó bá pa ọ̀kan, ó lè pa gbogbo wọn. Ní Unguja, cottonii fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Ní Pemba, ó ṣẹ́ kù sí àwọn ibì kan.

Spinosum ló kù, òun ló lágídí. Ṣùgbọ́n ìdajì owó ni. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ náà fi í sílẹ̀, àwọn obìnrin kan náà sì kúrò. Àwọn tó dúró ń ṣe iṣẹ́ kan náà, nínú omi kan náà, fún ìdajì ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé Flower Msuya wọlé sí ìtàn yìí dáadáa. Ọmọ Tanzania ni, ó ti ṣe olùwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ nípa òkun ti Yunifásítì Dar es Salaam tó wà ní Zanzibar, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn àgbẹ̀ náà ṣiṣẹ́. Ní 2006 ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Zanzibar Seaweed Cluster Initiative bẹ̀rẹ̀, tó kó àgbẹ̀, olùwádìí, oníṣòwò àti ìjọba pọ̀ sójú kan. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà kọjú sí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan ni láti gbé cottonii lọ sí omi tó jìn, níbi tí ó ti tutù, nínú àwọ̀n gígùn tó rí bíi páìpù, kí èyí tó bá já má baà bá ìgbì lọ. Èkejì ni pé kí àwọn obìnrin má ta gbogbo koríko wọn ní tútù tàbí gbígbẹ mọ́, kí wọ́n lọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n fi ṣe ọṣẹ àti ìpara. Abúlé Kidoti ní àríwá Unguja àti Bweleo ní gúúsù wà lára àwọn ibi tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ti mú un ní òkúnkúndùn.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọṣẹ náà, torí ẹni tó mú un ṣíwájú ìpara mọ ohun tó ń ṣe. Ìpara tí omi wà nínú rẹ̀ máa ń bàjẹ́. Tí a bá fi jẹ́ẹ̀lì koríko òkun sínú ìpara láìsí èròjà tó ń dènà ìbàjẹ́, èbu ń bọ̀ wá jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàápàá ní ilẹ̀ gbígbóná tí iná mànàmáná kò dúró. Ọṣẹ líle kò ní ìṣòro yẹn. Kò béèrè fíríìjì. Àgbọn wà káàkiri etí òkun, kànáfùrù sì jẹ́ ọ̀gbìn tí a fi mọ Zanzibar. Kọ́sítíìkì sódà nìkan ni wọ́n ní láti rà.

Wọ́n á fọ koríko náà lómi tí kò níyọ̀ títí iyanrìn yóò fi kúrò, wọ́n á tún un sá, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á jọ̀ ọ́. Wọ́n á da kọ́sítíìkì sódà sínú omi (a kì í da omi sórí rẹ̀, ó lè ta sí ènìyàn lójú), á gbóná gan-an, wọ́n á jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí wọ́n tó dà á sínú òróró àgbọn. Wọ́n á máa rò ó lójú kan títí tí yóò fi ki, tí ipa igi tí wọ́n fi ń rò ó yóò fi máa hàn lójú rẹ̀ kó tó pòórá. Ìgbà yẹn ni àtíkè koríko àti òróró kànáfùrù á wọ inú rẹ̀. Wọ́n á dà á sínú àpótí, á sùn mọ́jú, wọ́n á gé e ní ọjọ́ kejì, wọ́n á sì tò ó sórí àtẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó lè gbó. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi eérú èèpo kòkó àti àdín ṣe ọṣẹ dúdú yóò rí i pé iṣẹ́ kan náà ni; omi kíkorò ń pàdé òróró, ọṣẹ sì ń jáde.

Èrè tó wà nínú kílò kan àtíkè tàbí nínú àpótí ọṣẹ kan jẹ́ ìlọ́po púpọ̀ ti kílò koríko gbígbẹ. Ní Paje, ibi tí ọ̀gbìn náà ti bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Mwani Zanzibar wà báyìí tó ń ṣe ọṣẹ àti òróró ojú, tí àwọn obìnrin abúlé ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí àwọn àlejò sì ń wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nísinsìnyí, kí ni ọṣẹ náà ń ṣe fún awọ ara? Òótọ́ ni kí a sọ. Ọṣẹ ń fọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń lò lára kí omi tó ṣàn án lọ, kò sì lè fi ìbòrí carrageenan kankan sílẹ̀ tó máa pẹ́. Àtíkè inú rẹ̀ a máa ha awọ ara díẹ̀díẹ̀, òróró àgbọn a máa hó dáadáa, òórùn kànáfùrù á sì dùn. Ìyẹn dára tó. Ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ ṣì ní láti pa ìpara lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìpara tí a kì í fọ̀ dànù, koríko òkun wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi tó ń dì mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ó ń pa ìhunjọ ojú rẹ́, pé ó ń mú àbààwọ́n kúrò pátápátá, kò ní ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin lẹ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n tún ń sọ pé èròjà 92 ló wà nínú rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ ń gba awọ ara wọlé, ó ń bí mi nínú. Awọ ara kì í ṣe ẹnu. Koríko òkun sì ń fa ohun yòówù tó bá wà nínú omi mọ́ra, rere àti búburú; nítorí náà ibi tí wọ́n ti gbìn ín ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára ike lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń se é nílé, tí ẹ ń fi bùlẹ́ńdà lọ̀ ọ́, tí ẹ sì ń rọ ọ́ sínú ìpara òrí tà fún àwọn èèyàn: ẹ jọ̀ọ́, ìlànà NAFDAC kan ìpara náà, èèyàn sì lè kó àrùn awọ ara láti inú jẹ́ẹ̀lì tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Òrí nìkan, láìsí omi, lè pẹ́ lọ́dọ̀ yín. Gbàrà tí jẹ́ẹ̀lì olómi bá ti wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ẹ má rò pé ọṣẹ ti yanjú wàhálà Zanzibar. Ìwọ̀nba ni àwọn tó ń ṣe é nínú àwọn àgbẹ̀ tó lé ní 20,000 náà. Àwọn àlejò ló ń rà á jù, àwọn ará ilé kò fi bẹ́ẹ̀ náwó lé e. Nígbà tí Kòrónà dá ọkọ̀ òfuurufú dúró ní 2020, àlejò kò wá mọ́, ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún wọn kò sì rí ẹni rà á. Ní apá ìlà-oòrùn Unguja, àwọn ilé ìtura àti àwọn tí ń fi ìgbòkun ṣeré lórí omi ń fẹ́ etí òkun kan náà tí àwọn obìnrin fi ṣe oko. Àwọ̀n inú omi jíjìn sì nílò ọkọ̀, ó nílò ẹni tó mọ̀wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kò mọ̀wẹ̀ láti kékeré. Wọ́n ní láti kọ́ ọ́ ní àgbà, pẹ̀lú aṣọ gígùn àti ìbòrí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí oko. Àwọn kan ti kọ́ ọ.

Láti ìgbà tí Ààrẹ Hussein Mwinyi ti gba ìjọba Zanzibar ní 2020, ìjọba rẹ̀ ti fi ọrọ̀ ajé òkun ṣáájú, wọ́n sì ti dáwọ́ lé ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ṣiṣẹ́ lórí koríko òkun ní Chamanangwe, ní Pemba, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú koríko náà ti ń jáde. Ohun tí mo ń wò ni bóyá wọ́n máa yọ carrageenan fúnra rẹ̀ níbẹ̀, tàbí wọ́n kàn máa lọ koríko di àtíkè, kí wọ́n tún kó o lọ fún àwọn ará òkèèrè. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, spinosum tí wọ́n ń rà ní ẹ̀dínwó yìí gan-an ni ìpara àti ọṣẹ ìfọyín ń fẹ́, a jẹ́ pé ọjà tó bá a mu ti wà nílẹ̀. Iye tí wọ́n máa san fún kílò kan lọ́wọ́ obìnrin tó ti inú omi jáde ni mo fẹ́ gbọ́ kí n tó yọ̀.